Ìwé ọmọ ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ṣé kóòtù lè yí ìdájọ́ padà?

Bàbá kan tó ń wa Míkírà n'Íbàdàn ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kóòtù ìbílẹ̀ tú òun àti ìyàwó òun ká lọ́dún 2022, wọ́n ní kí àwọn ọmọ méjèèjì máa gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn, kí òun máa san ₦20,000 lóṣooṣù fún oúnjẹ, kí òun sì máa gbọ́ bùkátà iléèwé wọn. Àkọ́bí obìnrin ni, ọmọ ọdún 11, Práímárì 6 ló wà, èkejì ọkùnrin, ọmọ ọdún 8. Táàmù tó kọjá, tíṣà ọmọbìnrin yẹn pè é lórí fóònù pé ọjọ́ 19 péré lọmọ náà wá síléèwé látìgbà tí wọ́n ti wọlé. Kò tíì gbé ìyẹn mì tán, ló bá di ọjọ́ Tuesday kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ń já èrò lẹ́nu ọjà Bódìjà, ọmọ kan na náílọ́ọ̀nù sí i lójú wíńdò mọ́tò, "ẹ ra náílọ́ọ̀nù ńlá, ẹ ra kékeré", ó yíjú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni. Ó ní ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ló bá sáré wọ àárín ọjà lọ. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: "Ṣé kí n lọ kó wọn lọ́jọ́ Sunday nígbà tí ìyá wọn bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣebí bàbá ló lọmọ, àbí kóòtù náà ni mo tún máa padà sí? Kóòtù ti sú mi o."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àfaradà. Mo ka ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín kó tó sá, mo gbé fóònù kalẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe ẹjọ́ ìdílé, àmọ́ irú èyí ò tíì mọ́ mi lára.

Ọ̀rọ̀ Sunday yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò ńlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ìdájọ́ 2022 yẹn ṣì wà láàyè, bó dùn mọ́ni bí ò dùn mọ́ni, bẹ́ ẹ bá wá lọ kó àwọn ọmọ nígbà tí ìyá wọn ò sí ńlé, ẹ̀yin lẹ máa di ẹni tó tẹ òfin kóòtù lójú, obìnrin tó yẹ kó wá ṣàlàyé náílọ́ọ̀nù á wá jókòó, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣàlàyé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti sọ di òfin tiẹ̀, ka mímú ọmọ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ òfin sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú. Mo ní oníbàárà kan rí, a ti kó ìwé jọ, ẹjọ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì péré, inú bí i, ó lọ dúró lẹ́nu géètì iléèwé, ó gbé ọmọ sórí ọ̀kadà. Ọjọ́ tá a dé kóòtù, ààrẹ kóòtù ò wo ìwé wa rárá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: "Ọmọ dà?" Oṣù mẹ́jọ la fi tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe.

Ti "bàbá ló lọmọ" ńkọ́? Mi ò ní irọ́ ni o, àṣà wa ni, orúkọ bàbá lọmọ ń jẹ́, oríkì ilé bàbá la fi ń kí i. Àmọ́ Supreme Court, kóòtù tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí, ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, nínú ẹjọ́ Okwueze àti Okwueze lọ́dún 1989, wọ́n ní lóòótọ́ ni, nínú ọ̀pọ̀ àṣà ilẹ̀ Nàìjíríà bàbá ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọmọ tó bí sínú ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ibi tí àlàáfíà ọmọ bá ti dájú nìkan ni ẹ̀tọ́ yẹn ti ń dúró. Nítorí náà bẹ́ ẹ bá dúró níwájú kóòtù tẹ́ ẹ ní èmi ni mo bí wọn, wọ́n á ní a ti gbọ́, ìyá wọn náà bí wọn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín gan-an lágbára ju ìyẹn lọ. Ìdájọ́ lórí ọmọ ò dà bí ìdájọ́ lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti dá ẹjọ́ rẹ̀, ó parí, àfi téèyàn bá pe àpíìlì. Ọmọ ń dàgbà, ilé ń yí, iṣẹ́ ń bọ́, ìyá ń fẹ́ ọkọ míì, bàbá ń kó lọ sí ìlú míì, ìdí nìyẹn tí kóòtù tó ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ lágbájá fi lè tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ iwájú. Ẹ ò sì nílò àpíìlì rárá, nítorí ẹni tó ń pe àpíìlì ń sọ pé adájọ́ ṣì í ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin ò sọ bẹ́ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ yẹn kọ́ ló rí báyìí. Kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin: kóòtù ò jókòó láti fi ìyá wọn jẹ̀bi. Bẹ́ ẹ bá lọ síbẹ̀ lọ máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ti ọkùnrin tó ń bẹ̀ ẹ́ wò, ti aṣọ tó ń wọ̀, ti ẹnu tó fi bú ìyá yín lọ́jọ́sí, ẹ ti ń ṣòfò. Ohun méjì ni wọ́n fẹ́ mọ̀: ṣé inú ilé tí àwọn ọmọ wà ni ìwé wọn ti ń bàjẹ́, àti pé ṣé á dára tí wọ́n bá dé ilé tiyín.

Ẹ jẹ́ ká mú àkọ́kọ́. Ọjọ́ 19 tí tíṣà sọ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni títí ìwé á fi dé. Rẹ́jísítà ni kẹ́ ẹ lọ wá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ìwé fífẹ̀ tí tíṣà fi ń pe orúkọ láàárọ̀, bíírò pupa fún àwọn obìnrin, búlúù fún àwọn ọkùnrin, òdo fún ẹni tí kò bá wá. Táàmù kan máa ń tó ọ̀sẹ̀ 12 sí 13, ìyẹn ń lọ sí bí ọjọ́ 60, ọmọ tó wá lọ́jọ́ 19 ò tíì wá ìdá kan nínú mẹ́ta. Bó bá jẹ́ iléèwé ìjọba ni wọ́n ń lọ, ìwé ìjọba ni rẹ́jísítà yẹn, ẹ kọ lẹ́tà sí hẹ́dìmásítà pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí tí wọ́n lu sítáǹbù, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀yin ni bàbá ọmọ àti pé kóòtù lẹ fẹ́ gbé e lọ. Ẹ má lọ fi fóònù ya á ní kọ̀rọ̀, ẹ má fún tíṣà lówó kó yọ́ ọ jáde fún yín, tíṣà tó pè yín yẹn ti ṣe oore tó, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí rẹ́jísítà ọ̀hún gbà, ẹ jókòó kà á, ẹ má kàn ka iye òdo. Ẹ wo ọjọ́ tí òdo bọ́ sí. Òdo tó tò tẹ̀léra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè jẹ́ àìsàn, bí ìyá wọn bá sì mú káàdì ọsibítù jáde lọ́jọ́ ẹjọ́ nígbà tẹ́yin ò tiẹ̀ gbọ́ pé ọmọ yín dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ rí i pé ilẹ̀ lẹ máa wò. Lọ́dún kan báyìí, èmi àti akọ̀wé mi jókòó ti rẹ́jísítà ọmọbìnrin kan títí ilẹ̀ fi ṣú, òdo rẹ̀ kàn fọ́n káàkiri, kò bára mu, àfìgbà tí akọ̀wé mi, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà oko, mú bíírò tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́, ló bá ní, "Mà, ọjọ́ ọjà ni gbogbo ẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló rí, kò ṣì í rárá. Ojú ewé yẹn la fi síwájú kóòtù pẹ̀lú ọjọ́ ọjà ìlú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ fi ìwé èsì ìdánwò kún un, ti ọdún tó ṣáájú 2022 àti tẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n rí ibi tí ọmọ ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Nígbà tí wọ́n bá wá lo wíkẹ́ńdì lọ́dọ̀ yín, ẹ ṣí nótì wọn, ẹ wo déètì tó gbẹ̀yìn. Mo ti rí nótì ìṣirò tí iṣẹ́ dúró lóṣù kẹwàá, tí gbogbo ojú ewé tó kù sì mọ́ fẹ́nífẹ́ní títí dé Kérésìmesì. Ẹ sì kọ ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ rí ọmọkùnrin yẹn ní Bódìjà sílẹ̀ nísinsìnyí kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé, nítorí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ yẹn kan náà ló ní a ò gbọdọ̀ lo ọmọdé láti kiri ọjà lójú títì ńlá, bó bá sì jẹ́ àsìkò iléèwé, ọ̀rọ̀ di méjì.

Ó kan ibi tí inú yín lè má dùn sí mi. Ẹ̀yin ńkọ́?

Kóòtù ní kẹ́ ẹ máa gbọ́ bùkátà iléèwé. Ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé kí lẹ san, ìgbà wo, ìwé rẹ̀ dà. Òótọ́ ni pé òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 ní ọ̀fẹ́ ni, ọ̀ràn-an-yàn sì ni, látorí Práímárì 1 dé JSS 3, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, tó sì ní òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ lọ máa gba ìkìlọ̀ nígbà àkọ́kọ́, nígbà kejì ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. (₦2,000 o. Owó yẹn ò ra bàtà iléèwé mọ́, ẹ má wulẹ̀ gbọ́kàn lé e.) Àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀fẹ́ yẹn ní ìdí, yunifọ́ọ̀mù wà, ìwé wà, owó PTA wà, owó ọkọ̀ wà. Bí ìyá wọn bá dìde tó ní àìní yunifọ́ọ̀mù ni ò jẹ́ kí ọmọ lọ, tẹ́ ẹ sì ti gbàgbé yunifọ́ọ̀mù látọdún tó kọjá, rẹ́jísítà tẹ́ ẹ gbé wá á yí ojú padà sí yín. Nítorí náà ẹ lọ sí báńkì, kẹ́ ẹ gba sítétímẹ́ǹtì látọdún 2022 títí dòní, kẹ́ ẹ fi àmì sí gbogbo tránsífà tó jẹ́ tọmọ. Èyí tẹ́ ẹ fún un lọ́wọ́ láìsí ìwé, ẹ má kà á, kì í ṣe pé mi ò gbà yín gbọ́, kóòtù ò wà níbẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá jẹ gbèsè oṣù kan tàbí méjì, ẹ san án kẹ́ ẹ tó fi ẹsẹ̀ tẹ kóòtù. Ẹ má sì dáwọ́ owó dúró láti fi fìyà jẹ ẹ́ o, ọ̀pọ̀ bàbá ló fi ìyẹn pa ẹjọ́ ara wọn.

Ẹ tún ro ₦20,000 yẹn wò. Níbẹ̀rẹ̀ 2022, nǹkan bí ₦165 ni lítà epo lójú páḿpù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò mọ iye tí ó ti di láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tó ń ta náílọ́ọ̀nù máa ta á nítorí pé ìkòkò ò kún ńlé. Mi ò ní kẹ́ ẹ gbà pé ẹ̀bi yín ni, ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ wádìí rẹ̀ kí kóòtù tó wádìí ẹ̀ níṣojú yín. Ṣé ìyá wọn ń ṣàìsàn ni? Ṣé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná? Àbí ó kàn rò pé ìwé ò ṣe pàtàkì fún ọmọbìnrin? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ò ní oògùn kan náà.

Ìbéèrè kejì ló le jù, òun ni ti ilé yín. Ẹ ní aago márùn-ún ìdájí lẹ máa ń gbé mọ́tò jáde kẹ́ ẹ lè bá èrò àárọ̀. Ta ló máa jí àwọn ọmọ? Ta ló máa dirun ọmọ ọdún 11? Tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wà lójú títì, ta ló máa sọ fún? Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ìbéèrè tí wẹ́fíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ, máa bi yín nìyẹn bí kóòtù bá rán wọn wá wo ilé, wọ́n á wo ibi tí ọmọ máa sùn, wọ́n á bi alájọgbé yín, bẹ́ ẹ bá ní ìyàwó ńlé wọ́n á fẹ́ gbọ́ tẹnu òun náà. Bó bá jẹ́ ìyá yín ló máa máa bójú tó wọn láàárọ̀, kí màmá wá sí kóòtù fúnra wọn wá sọ ọ́, kí wọ́n sì lè sọ aago tí iléèwé ń wọlé. Ìlérí pé "Ọlọ́run á ṣe é" ò tó nǹkan níbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Odogu àti Odogu ní 1992, Supreme Court là á mọ́lẹ̀ pé ilé tó dára àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni àlàáfíà ọmọ, ìdùnnú rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dàgbà ló ṣe pàtàkì jù, nítorí náà ẹ má tìtorí pé yàrá kan àti pálọ̀ lẹ ní kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù, àmọ́ ẹ má rò pé àga tuntun lẹ máa fi borí.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e, kò le. Kóòtù tó tú yín ká yẹn lẹ máa padà sí, ẹ máa kọ ìwé pé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún àṣẹ tí wọ́n pa lórí àwọn ọmọ ṣe, ẹ máa búra sí ohun tẹ́ ẹ kọ, béèlífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń pín ìwé, á gbé ti ìyá wọn fún un kóun náà lè fèsì. Kóòtù ìbílẹ̀ ò di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí mọ́ra tó háíkọ́ọ̀tù, Yorùbá lẹ máa sọ, ẹ sì lè dá sọ ọ́ fúnra yín, ṣùgbọ́n bí agbára ò bá gbé lọ́yà, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá ẹni tí kò lówó lọ́yà ṣe ẹjọ́, kẹ́ ẹ tó ní kò sówó. Kóòtù ìdílé tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ dá sílẹ̀ náà wà, lábẹ́ Májísíréètì àti lábẹ́ háíkọ́ọ̀tù, lọ́yà yín lè ní ibẹ̀ ló yá, ẹ gbọ́ tirẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ìgbéyàwó ní rẹ́jísìrì, ọ̀nà tiyín yàtọ̀, háíkọ́ọ̀tù ló tú yín ká, òun náà lẹ máa padà sí, òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó (Matrimonial Causes Act) ti 1970, abala 71, ló sọ pé ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.)

Ẹ má lọ béèrè ohun kan ṣoṣo. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì wá sọ́dọ̀ yín, wọn kì í fẹ́ pín ọmọ ìyá sí méjì, bí wọn ò bá gbà, kí wọ́n máa wà lọ́dọ̀ yín láti Sunday ìrọ̀lẹ́ di Friday nítorí iléèwé, bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, kí kóòtù pàṣẹ fún ìyá wọn pé wọn ò gbọdọ̀ pa iléèwé jẹ, kí wẹ́fíà máa yẹ rẹ́jísítà wò lóṣooṣù, kí iléèwé máa fún ẹ̀yin náà ní ìwé èsì. Mo ti rí i tí ìkẹta yìí tún ọ̀rọ̀ ṣe láàárín táàmù kan láìjẹ́ pé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ rárá. Nítorí ọmọbìnrin yẹn wà ní Práímárì 6, tí ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì ń bọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pàṣẹ fúngbà díẹ̀ ná kí ẹjọ́ gan-an tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, súnẹjọ́-síwájú-súnẹjọ́-sẹ́yìn á jẹ ọdún ọmọ náà.

Wọ́n lè fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ, pàápàá ẹ̀gbọ́n. Adájọ́ lè pè é wọ inú yàrá tiẹ̀ kó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ má kọ́ ọ lọ́rọ̀ o! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wọlé báyìí lójú mi, wọ́n bi í pé báwo ni iléèwé, ó ní, "Dádì ní kí n sọ pé Mọ́mì kì í jẹ́ kí n lọ." Dádì wà níta, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti pàdánù.

Ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́, kí ìwé kankan tó dé kóòtù? Ẹ kọ̀wé sí ìyá wọn. Ẹ má pè é, ẹ máa bínú bẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn ara yín, ẹ kọ ọ́ sí WhatsApp, láìsí èébú, láìsí Bódìjà nínú rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá àwọn ọmọ. Láti Monday, màá máa dúró lẹ́nu ọ̀nà yín ní aago méje àárọ̀, màá fi mọ́tò gbé wọn dé iléèwé, màá sì san owó ẹni tó máa gbé wọn padà. Tí yunifọ́ọ̀mù bá kù, ẹ sọ sáìsì fún mi." Bó bá gbà, ọmọ ti wà ní kíláàsì lọ́jọ́ Monday nìyẹn, ẹ ò tíì san kọ́bọ̀ kan ní kóòtù. Bó bá kọ̀, tàbí tí kò fèsì, ẹ tọ́jú mẹ́sééjì yẹn sílẹ̀. Èrò àárọ̀ díẹ̀ máa bọ́ lọ́wọ́ yín, mo mọ̀. Ohunkóhun tó bá fi dá yín lóhùn, ẹ fi hàn mí kẹ́ ẹ tó fèsì.